Èkejì Kan fún Ọmọ Méjì

Orúkọ méjì ni àwa Yorùbá ń pe ohun tó máa ń jáde tẹ̀lé ọmọ tuntun. Àwọn kan ń pè é ní ibi ọmọ, àwọn mìíràn ń pè é ní èkejì ọmọ. Èkejì yẹn lèmi fẹ́ràn jù. Ó dà bíi pé ẹni tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ti jókòó rò ó dáadáa, ó rí i pé ọmọ kì í dá wá sáyé. Nǹkan kan wà tó ń bá a gbé nínú ìyá rẹ̀, tó ń gba oúnjẹ àti atẹ́gùn fún un lára ìyá, tó sì ń bá a kó ìdọ̀tí ara rẹ̀ dànù. Ìdí nìyẹn táwọn àgbà kì í fi í jù ú sórí ààtàn. Lágboolé wa ní Ṣakí, inú ìkòkò ni wọ́n máa ń gbé e sí kí wọ́n tó rì í mọ́lẹ̀.

Ọmọ kan, èkejì kan. Tó bá wá jẹ́ ìbejì, ẹ máa rò pé èkejì méjì ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Àwọn ìbejì tí èkejì kan ṣoṣo wà fún àwọn méjèèjì ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíì ti fẹ́ ṣí ìwé lọ síbi ewì ìfẹ́ tó wà lójú ewé tó kàn. Kí ló kan stúdẹ́ńtì nínú ọ̀rọ̀ oyún? Ẹ fara balẹ̀ ná, ẹ̀yin tèmi. Tí wọ́n bá ń pe orúkọ ní kíláàsì wa, Táyé mẹ́ta ló ń dáhùn, Kẹ́hìndé méjì, Ìdòwú kan, àti Àlàbá tí kì í tètè dé. Ilẹ̀ ìbejì la wà. Ẹ gba ìsàlẹ̀ Ìsẹ́yìn lọ, ẹ ó bọ́ sí Ìbàràpá, ibẹ̀ ni Ìgbò-Ọrà wà, ìlú tí wọ́n ń pè ní olú-ìlú ìbejì láyé. Láti ọdún 2018 ni wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún ìbejì níbẹ̀. Dókítà Nylander, tó ṣiṣẹ́ n'Ìbàdàn, tó sì tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde láàárín ọdún 1960 sí 1980, rí i pé nínú 1,000 ìbímọ ní Ìgbò-Ọrà, bíi 45 ló jẹ́ ìbejì. Láàárín àwọn òyìnbó Yúróòpù nígbà yẹn, bíi 10 sí 12 péré ni. Àwọn ará Ìgbò-Ọrà ní ọbẹ̀ ìlasá àti àmàlà ló ń ṣe é. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ fún wọn, ọbẹ̀ náà kúkú dùn.

Nǹkan kan wà nínú ìṣirò yẹn tí wọn kì í sábà sọ fún wa. Ọ̀nà méjì ni ìbejì ń gbà wáyé. Ọ̀nà kìíní ni kí ẹyin méjì jáde lára obìnrin lóṣù kan náà, kí àwọn méjèèjì sì di ọmọ. Irú èyí kò yàtọ̀ sí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, wọ́n kàn jọ wọ mọ́tò kan náà ni. Kálukú ló gbé èkejì tirẹ̀ dání. Irú èyí ló pọ̀ lápọ̀jù nílẹ̀ Yorùbá. Ọ̀nà kejì ni kí ẹyin kan ṣoṣo tó ti di oyún pín sí méjì. Irú èyí kò pọ̀ lọ́dọ̀ wa ju ti ibòmíràn lọ. Ní Ṣakí ni o, ní Lọ́ńdọ̀nù ni o, ní Japan ni o, bíi 3 sí 4 ni nínú 1,000 ìbímọ.

Ọjọ́ tí ẹyin náà bá pín ló ń sọ bí wọ́n ṣe máa gbé inú ìyá wọn. Tó bá pín láàárín ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, kálukú máa ní ibi tirẹ̀. Tó bá jẹ́ ọjọ́ kẹrin sí ìkẹjọ, ibi kan ni wọ́n máa jọ lò, ṣùgbọ́n kálukú máa wà nínú àpò omi tirẹ̀. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, inú àpò kan náà ni wọ́n máa wà, ìwọ́ wọn sì lè lọ́ mọ́ra. Tó bá ti kọjá bí ọjọ́ mẹ́tàlá, wọn kì í pín tán mọ́, àwọn nìyẹn tí ara wọn ń lẹ̀ pọ̀. Nínú ìbejì ẹlẹ́yin-kan mẹ́ta, bíi méjì ló máa ń jọ lo ibi kan.

Ṣé ẹ rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ? Ìbejì pọ̀ lọ́dọ̀ wa débi pé a rò pé bákan náà ni gbogbo wọn. Èyí tó léwu jù wọ aṣọ ẹbí kan náà pẹ̀lú àwọn tó kù, ó jókòó sáàárín wọn lóde àríyá, kò sẹ́ni tó fura sí i. Níbi tí ìbejì ti ṣọ̀wọ́n, tí wọ́n bá ti rí méjì nínú ìyá, àyà dókítà á já, á bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ọ̀rọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, a ó ní "Ẹ̀jìrẹ́ dé!", a ó sì gbé ẹ̀wà kaná.

Bí mo ṣe mọ èyí nìyí. Lọ́dún 2021, mo ti ṣe WAEC tán, mo ń retí àdímíṣọ̀n, mo wá lọ ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin n'Ìsẹ́yìn. Ọkọ rẹ̀ ń hun aṣọ òfì, òun náà ń ta òwú. Nígbà tí oyún rẹ̀ pé oṣù mẹ́ta, ó lọ ṣe scan. Ìlà mẹ́ta ló wà lórí pépà tí wọ́n fún un: ìbejì ni, àwọn méjèèjì wà láàyè, ọkàn wọn ń lù dáadáa. Inú gbogbo ilé dùn. Ìyá ọkọ rẹ̀ jó láti ojúde dé ẹ̀yìnkùlé. Kò sí ohunkóhun lórí pépà yẹn nípa iye ibi tí wọ́n rí.

Ó wá di oṣù karùn-ún. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ikùn ẹ̀gbọ́n mi wú bíi ti aboyún tí oṣù rẹ̀ ti pé. Ó di pé kò lè dùbúlẹ̀ mọ́. Ó máa ń jókòó sùn ni, ẹ̀yìn rẹ̀ lára ògiri, ìrọ̀rí mẹ́ta lábẹ́ apá, èmi sì ń fi páálí fẹ́ ẹ. Tó bá ní kó sọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ mí ná. Tó bá jáde, àwọn ará àdúgbò á máa patẹ́ wọ́: "Ìbejì mà ni, kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Wọ́n ń tóbi ni!" Bí ìpọ́njú ṣe wọlé nìyẹn o, tí a ń kí i káàbọ̀.

Nọ́ọ̀sì kan ló gbà wá. Ó fi téèpù wọn ikùn rẹ̀, ó wo káàdì, ó tún un wọ̀n. Kò pariwo. Ó kàn fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Àbúrò, ẹ má jẹ́ kílẹ̀ ọ̀la mọ́ bá yín n'Ìsẹ́yìn. Ìbàdàn lẹ ń lọ." Lọ́jọ́ yẹn gan-an la gba ọ̀nà Ìjàyè, a já sí Mọ́níyà. Gbogbo gálọ́ọ̀pù tí mọ́tò bá kó sí, ẹ̀gbọ́n mi á di ọwọ́ mi mú.

N'Ìbàdàn, dókítà yí ojú ẹ̀rọ sí wa. Ọmọ kan wà nínú omi rẹpẹtẹ, ó ń yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún bí ẹja inú dáàmù Ìkéré. Ìkejì lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan, kò mira. Ẹ ó rò pé ẹnì kan fi ọ̀rá wé e mọ́bẹ̀. Àpò tirẹ̀ ti gbẹ, awọ àpò náà ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Dókítà ní, "Ìyá, ibi kan ni wọ́n jọ ń lò." Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni máa sọ ọ́ fún wa nìyẹn. Oyún ti pé ọ̀sẹ̀ mọ́kànlélógún.

Ó ya àwòrán sẹ́yìn pépà fún wa. Èmi á fi táńkì omi ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Ẹ fojú inú wo ilé méjì tí wọ́n jọ ń lo táńkì kan, tí ẹni tó fa páìpù sì ti fa àwọn kan láti ilé kìíní lọ sí ilé kejì lábẹ́ ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni iṣan ẹ̀jẹ̀ àwọn ìbejì méjì ṣe máa ń já wọ ara wọn nínú ibi kan náà. Tí ohun tó ń lọ bá dọ́gba pẹ̀lú ohun tó ń bọ̀, àlàáfíà ni, bó sì ṣe máa ń rí fún ọ̀pọ̀ wọn nìyẹn. Ṣùgbọ́n nínú irú oyún bẹ́ẹ̀ 100, nínú bíi 10 sí 15, ẹ̀jẹ̀ á máa lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan, kò ní máa padà bó ṣe yẹ. Láàárín ọ̀sẹ̀ kẹrìndínlógún sí ìkẹrìndínlọ́gbọ̀n ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n kọ sínú fáìlì ẹ̀gbọ́n mi ni twin-to-twin transfusion syndrome.

Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ ń kúrò lára rẹ̀ á máa rù. Kò ní máa tọ̀ tó bó ṣe yẹ, bẹ́ẹ̀ ìtọ̀ ọmọ ló pọ̀ jù nínú omi tó yí i ká lásìkò yẹn, nítorí náà omi tirẹ̀ á gbẹ. Èyí tó yé èmi lójú ẹsẹ̀ nìyẹn. Èyí tí kò tètè yé mi ni pé ìyà ń jẹ ẹni tó ń gbà náà. Ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ jù á mú kí ọkàn rẹ̀ máa ṣiṣẹ́ bí ẹni tó ru àpò sìmẹ́ńtì méjì gun òkè. Á máa tọ̀ ṣáá, omi á kún, ikùn ìyá á wú. Omi yẹn náà lè mú kí ọmọ bọ́ nígbà tí àsìkò kò tíì tó. Tí wọ́n bá fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwọn méjèèjì máa ń lọ. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Àìtó náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

Ìtọ́jú wà. Lọ́dún 1988, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Julian De Lia, bẹ̀rẹ̀ sí ti ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ wọ inú ilé ọmọ, ó ń fi iná laser dí àwọn iṣan tó já wọ ara wọn, bí ìgbà tí pọ́lọ́ńbà bá dí páìpù abẹ́ ilẹ̀ yẹn. Lọ́dún 2004, àwọn dókítà ní Yúróòpù tẹ àbájáde ìwádìí jáde. Wọ́n fi laser wé ọ̀nà àtijọ́, ìyẹn kí wọ́n máa fi abẹ́rẹ́ fa omi tó pọ̀ jù. Níbi tí wọ́n ti lo laser, nínú oyún 100, nínú 76 ni ó kéré tán ọmọ kan ti pé ọjọ́ 28 láyé. Níbi tí wọ́n ti fa omi, 56 ni. Dókítà wa sọ gbogbo èyí fún wa, kò fi nǹkan kan pamọ́. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe laser kò sí níbi tí ọwọ́ ẹni tó ń hun òfì lè tó. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ta ọ̀kadà rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, owó náà sì tó fún fífa omi àti fún oúnjẹ tí a jẹ n'Ìbàdàn.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fa omi náà. Alẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ẹ̀gbọ́n mi fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọjọ́ mọ́kànlá. Mo jókòó, mo ń wò ó, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ilẹ̀kùn. A gbìyànjú débi ọ̀sẹ̀ kejìdínlọ́gbọ̀n. Láàárọ̀ ọjọ́ Tuesday kan, wọ́n wá ọkàn ọmọ kékeré yẹn títí, wọn ò gbọ́ ọ.

Èyí tó tún wá bà wá lẹ́rù ni ohun tí dókítà sọ tẹ̀lé e. Ó ní tí ìbejì tó ní èkejì tirẹ̀ bá kú nínú, èyí tó kù kì í sábà mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ibi kan ni, lójú ẹsẹ̀ tí ọkàn ọ̀kan bá dákẹ́, ẹ̀jẹ̀ èyí tó wà láàyè lè ya lọ sára èyí tó ti kú, nítorí ọ̀nà ṣì là sílẹ̀ láàárín wọn. Nínú irú àwọn tó ṣẹ́ kù bẹ́ẹ̀ 100, bíi 15 ló máa ń tẹ̀ lé ìkejì rẹ̀, ọpọlọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó yè sì máa ń fara gbá a. Kéèyàn sáré gbé èyí tó kù jáde ò sì lè yí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ padà. Kó gbọ́ ló dáa, kó sì dàgbà díẹ̀ sí i.

Nígbà tí mo délé, ní Ṣakí, mo ròyìn fún ìyá àgbà wa. Wọn ò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "A kì í sọ pé ó kú. Ó lọ sájò ni. Ẹ sáré gbẹ́nà ère fún un, kó má baà fa èkejì ẹ̀ lọ. Bí wọ́n ti í se nìyẹn." Mo kàn dúró ń wo ojú wọn. Ìyá àgbà wa ò mọ ìwé, wọn ò sì tíì fojú kan dókítà Ìbàdàn yẹn rí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì sọ fún mi láàárín ọjọ́ mẹ́rin: èyí tó lọ lè fa èyí tó kù. Àwọn baba wa ti rí i títí, wọ́n rí i tó fi di àṣà, tó di iṣẹ́ ọnà tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti wà nínú mùsíọ́mù àwọn òyìnbó báyìí. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ò gbà fún ère, pásítọ̀ wọn náà ò gbà. Ìyá àgbà ò bá wọn jà. Gbogbo aṣọ tí wọ́n rà fún ọmọ yẹn, méjì-méjì ni wọ́n rà á.

Lọ́sẹ̀ kọkànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ẹ̀gbọ́n mi. Èyí tó ti sùn ló kọ́kọ́ jáde, òun ni Táyé. Kẹ́hìndé tẹ̀ lé e, kò ju apẹ́rẹ́ ẹyẹlé lọ, ó sì ké. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni ẹ̀gbọ́n mi fi so ó mọ́ àyà, awọ kan awọ, kí ara rẹ̀ lè móoru. Ó ti ń lọ síléèwé jẹ́lé-ó-sinmi báyìí. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń wọ́ díẹ̀, wọ́n ń gbé e lọ fún ìtọ́jú ẹsẹ̀ náà. Ẹnu rẹ̀ kò wọ́ rárá, ó lè sọ̀rọ̀ láti Ìsẹ́yìn dé Òkèhò kó má mí. Tí àlejò bá gbọ́ orúkọ rẹ̀, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń béèrè ni, "Táyé wá dà?" Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń dá wọn lóhùn. Á ní, "Ó lọ sájò."

Ère ìbejì wà fún ẹni tó kù. Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o, mo ti rí ohun tí àìsí rẹ̀ ṣe sí ìyá àgbà wa. Ṣùgbọ́n ó wà fún lẹ́yìn ọ̀la. Ohun tí mo ń wá ni èyí tó máa wà fún àwọn méjèèjì, nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì wà. Mo rí i, kò ju ìbéèrè kan lọ: ibi mélòó ni?

Láàárín ọ̀sẹ̀ kọkànlá sí ìkẹrìnlá oyún ni ìdáhùn rẹ̀ hàn jù lórí scan. Ẹni tó ń wo ẹ̀rọ á wo ibi tí awọ tó la àárín àwọn ọmọ méjèèjì ti pàdé ibi. Tó bá nípọn níbẹ̀ bí ìdí igi tó ya ẹsẹ̀, ibi méjì ni, kódà kí wọ́n ti lẹ̀ mọ́ra tí wọ́n fi dà bí ọ̀kan. Tó bá tẹ́ẹ́rẹ́, tó dúró gbọnrangandan bíi lẹ́tà T, ibi kan ni. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, ojú ọ̀nà á bẹ̀rẹ̀ sí dí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ láti ọdún 2016 pé kí gbogbo aboyún ṣe scan lẹ́ẹ̀kan kí ọ̀sẹ̀ kẹrìnlélógún tó pé. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹni tó ní ìbejì tó bá dúró di ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ti pẹ́. Àìtètè mú olè, olè ń mú olóko.

Tó bá jẹ́ ibi kan, láti ọ̀sẹ̀ kẹrìndínlógún, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni kí wọ́n máa wò ó, kí wọ́n máa wo omi kálukú, kí wọ́n máa wo bí kálukú ṣe ń dàgbà. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣí nìkan kọ́ ni wàhálà ibẹ̀. Nígbà mìíràn, ìpín ẹnì kan nínú ibi á kéré, òun á sì máa dín lọ. Nígbà mìíràn, iṣan tín-ín-rín ló máa ń jo díẹ̀díẹ̀ láìsí omi tó kún, ó dìgbà tí wọ́n bá bí wọn kí wọ́n tó rí i pé ọ̀kan pọ́n bí epo, ìkejì funfun bí ẹfun. Mo mọ ohun tí ọ̀sẹ̀ méjì-méjì túmọ̀ sí fún ẹni tó ń gbé Kíṣì tàbí Ìgbòho. Owó mọ́tò ni, owó scan ni, ọjọ́ ọjà tó bọ́ ni. Ẹni tó bá mọ̀ ní oṣù kẹta ṣì lè bẹ̀rẹ̀ sí dá èésú. Ẹni tó mọ̀ ní oṣù karùn-ún, ọ̀kadà ló máa tà.

Ìdí tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé tiwa nìyí. Láàárín ọdún márùn-ún sí i, púpọ̀ nínú àwa tí à ń ka ìwé yìí á ti máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì níbi tí wọ́n ti ń ṣe scan, bí aya, bí ọkọ, tàbí bí àbúrò tó ń fi páálí fẹ́ ẹ̀gbọ́n. Wọ́n á fún yín ní pépà. Tí ẹ bá rí i pé ìbejì ni, ẹ yọ̀, ẹ jó. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ béèrè pé ibi mélòó ni, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sórí pépà náà. Tí ẹni tó ṣe é kò bá lè sọ, ẹ wá ẹni tó lè sọ kí ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá tó kọjá. Abéèrè kì í ṣìnà.

Àdúrà àwọn àgbà wa ni pé kí Ẹ̀jìrẹ́ wọlé tọ̀ wá. Àmín ni tèmi. Tí wọ́n bá ti wọlé, ẹ béèrè èkejì mélòó ni wọ́n gbé dání.